Nọ́ńbà ọkọ̀ Jámánì kò tó fún ẹni tó ń gbé Dublin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìnáwó òye. Mo kọ ìwé yìí nítorí àpilẹ̀kọ kan tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré, àwọn tí ọ̀dọ́ wa ń pè ní spọ́ọ̀tì káà, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé bí ọkọ̀ bá ti gba nọ́ńbà ní orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, kò sí ohun tó kù ju kí olówó rẹ̀ máa wà á lọ sí ibi tó bá wù ú láti gbé. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ tẹ àtúnṣe rẹ̀ jáde. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí ó ti rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ṣágámù, agbo ilé tí kò ní ọmọ lókè òkun kò pọ̀, àwọn òbí mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ láti ilé kún owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kà nínú ìwé ìròyìn yín ni wọ́n máa ń gbà gbọ́.

Òótọ́ ni pé arìnrìn-àjò lè wa ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Jámánì gba ilẹ̀ Faransé kọjá títí dé Sípéènì láìsí ẹni tí yóò béèrè owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò nìyẹn. Ẹni tó bá fi ibì kan ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba nọ́ńbà, òfin kò sì fi àkókò gígùn sílẹ̀ fún un. Ní Áyálándì, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó sì ra ọkọ̀ wọlé láti ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ àyẹ̀wò ní ibùdó NCTS, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, láàrin ọjọ́ 7 tí ọkọ̀ náà bá ti wọ̀lú, kí ó sì parí gbogbo ètò ìforúkọsílẹ̀ láàrin ọjọ́ 30. Wọn yóò béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ìlú tí ọkọ̀ ti wá, ìwé tí a fi rà á, àti ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé, irú bí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tó gbé e kọjá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní Dublin, ní Áyálándì kan náà. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ Ford Mustang ti wù ú, ó sì rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Jámánì, iye rẹ̀ sì dínkù púpọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n ń tà ní Dublin. Oníṣòwò náà fi dá a lójú pé Yúróòpù kan náà ni gbogbo rẹ̀, pé owó ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù. Nígbà tí ọkọ̀ dé, tí ó sì gbọ́ iye owó-orí tí yóò san kó tó lè gba nọ́ńbà, ó pè wá nílé pé kí a bá òun wá owó kún owó. Inú bí mi gidigidi, kì í ṣe sí ọmọ náà, bí kò ṣe sí ẹni tó mọ òtítọ́ tó sì fi pamọ́ kí ọjà rẹ̀ lè tà.

VRT ni wọ́n ń pe owó-orí yìí ní Áyálándì. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ ń tú jáde ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pín in: ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọkọ̀ tó mọ́ jù lọ, ó sì dé ìdá 41 fún èyí tó bá kọjá gíráàmù 190. Mustang tó ní ẹ́ńjìnnì V8 ti kọjá 190 tipẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré tó ń lo epo pẹtiróòlù nìkan, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ti fi 41 sọ́kàn láti ilé. Ohun tó máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lágara ni pé kì í ṣe iye tí a ra ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ìdá náà. Iye tí àwọn agbowó-orí bá gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tà ní ọjà Áyálándì, pẹ̀lú gbogbo owó-orí tó wà lórí rẹ̀, ni wọ́n ń lò. Ká sọ pé ènìyàn ra ọkọ̀ ní yúrò 30,000 ní Jámánì, tí àwọn agbowó-orí sì sọ pé yúrò 40,000 ni yóò tà ní Dublin: ìdá 41 nínú 40,000 ni yóò san, èyí tó jẹ́ yúrò 16,400. Ọkọ̀ tí a rò pé a fi ẹ̀dínwó rà ti di yúrò 46,400 kó tó gba nọ́ńbà. Owó mìíràn tún wà lórí afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní NOx láti ọdún 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í kọjá yúrò 600 fún ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù. Ènìyàn lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí iye tí wọ́n fi lé ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ san owó náà pé ná. Ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì àjọ agbowó-orí wọn ní ètò ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè fi wo iye yìí kó tó fọwọ́ kan owó rẹ̀, kódà bàbá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè wò ó.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Sípéènì ń gba ìdá 14.75 lórí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ bá dé gíráàmù 200. Ítálì ń gba owó àfikún lọ́dọọdún, yúrò 20 lórí kìlówáàtì kọ̀ọ̀kan tí agbára ẹ́ńjìnnì bá fi kọjá 185, kí ó tó máa dínkù bí ọkọ̀ bá ṣe ń dàgbà. Ti Dẹ́ńmáàkì le ju ìwọ̀nyí lọ.

Lẹ́yìn owó ni pátíkúlà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fara balẹ̀ sí jù. Ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ọjà Yúróòpù máa ń ní ìwé ẹ̀rí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí pé ó bá ìlànà Yúróòpù mu, COC ni wọ́n ń pè é. Bí a kò bá tilẹ̀ rí ìwé yẹn, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, nítorí òfin kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 1999 ti jẹ́ kí lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Lẹ́tà E ni nọ́ńbà ṣáásí, P.2 ni agbára ẹ́ńjìnnì, V.7 ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, K sì ni nọ́ńbà ìfọwọ́sí tí irú ọkọ̀ náà gbà. Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ní kí olùtajà ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ kó tó san kọ́bọ̀. Bí iwájú K bá ṣófo lórí ọkọ̀ tí kò tíì gbó, ó ṣeé ṣe gan-an pé Amẹ́ríkà tàbí Jàpáánù ni wọ́n ṣe é fún, tí ẹnì kan sì kó o wọ Yúróòpù ní tòkúnbọ̀.

Mustang jẹ́ àpẹẹrẹ tó yéni. Èyí tí wọ́n ṣe láàrin 2005 sí 2014 kò sí nínú ọjà tí Ford fúnra rẹ̀ ń tà ní Yúróòpù. Ti 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà níbẹ̀, òun náà sì ni àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú sítíárìn ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, Mustang ọdún 2012 tó wà ní Jámánì lónìí, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà ni. Tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ pupa, òfin Amẹ́ríkà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ọsàn ni Yúróòpù fẹ́. Iná ẹ̀yìn tí a ń tàn nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀ pọn dandan ní Yúróòpù, kò pọn dandan ní Amẹ́ríkà. Aago ìwọ̀n eré lè jẹ́ ti máìlì nìkan. Ní Jámánì, onímọ̀ láti ọ̀dọ̀ TÜV, àjọ tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, tàbí irú àjọ bẹ́ẹ̀ yóò yẹ ọkọ̀ náà wò lọ́tọ̀, wọn yóò pààrọ̀ èyí tó yẹ, ọkọ̀ yóò sì gba nọ́ńbà. Àmọ́ irú ìfọwọ́sí tí ọkọ̀ kan ṣoṣo gbà lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè kan, ilẹ̀ náà ló mọ sí. Orílẹ̀-èdè kejì lè béèrè bóyá ohun tí wọ́n gbà níbẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n lè kọ ọkọ̀ bó ṣe wù wọ́n: ní 2012, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́bi pé ó ń béèrè COC kí wọ́n tó yẹ ọkọ̀ tó ti gba nọ́ńbà ní orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà wò. Ẹni tí wọ́n bá dá padà lórí èyí nìkan ní ẹ̀tọ́ láti ja ìjà rẹ̀.

Kí ẹni tó ra ọkọ̀ ní Jámánì rí i pé òun gba apá méjèèjì ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí apá kejì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ọkọ̀. Nọ́ńbà fún ìgbà díẹ̀ tó ní àmì pupa ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí ọjọ́ tí yóò parí wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi ń wà á jáde. Bí ọkọ̀ náà kò bá tíì pé oṣù 6 tàbí tí kò tíì rìn ju kìlómítà 6,000 lọ, ọkọ̀ tuntun ni òfin kà á sí, VAT rẹ̀ yóò sì di sísan ní orílẹ̀-èdè tó ń lọ. Ìdá 23 ni ti Áyálándì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wọ Dublin ń san VAT náà bí ọkọ̀ tilẹ̀ ti gbó, owó ibodè ìdá 10 sì lè tẹ̀ lé e. Àánú wà fún ẹni tó ń ṣí kúrò ní ìlú kan lọ gbé ní Áyálándì: bí ó bá ti ní ọkọ̀ náà tó sì ti lò ó fún oṣù 6 ó kéré tán kó tó ṣí, ó lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gba VRT lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tà á kí oṣù 12 tó pé.

Ó ku àwọn tó ní i lọ́kàn láti lo ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wálé láti fi jáde nígbà Ojúde Ọba. Ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà ní Áyálándì, sítíárìn ọkọ̀ wọn sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nàìjíríà ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún títì láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, òfin wa kò sì gba ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé. Nínú ọkọ̀ tí a rà ní Áyálándì àti èyí tí a rà ní Jámánì, ti Jámánì tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì nìkan ló lè wá sílé. Òfin Áyálándì kò kọ sítíárìn ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè pé kí iná iwájú rẹ̀ máa tàn sí ọwọ́ òsì títì, kó má baà gún ẹni tó ń bọ̀ lójú, owó pípààrọ̀ iná náà sì wà lára ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ kà mọ́ ọn kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Òde