Wíwá sí mítìǹgì ò túmọ̀ sí pé a ti gbà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ títì Èkó sí Calabar yẹn ni mo fẹ́ dá sí, títì 700 kìlómítà tí ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́nà Hitech ń ṣe fún ìjọba àpapọ̀. Ẹ má pè mí ní ọ̀tá ìdàgbàsókè o, mo fẹ́ títì náà gan-an, ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah lálẹ́ Jímọ̀ rí máa mọ ìdí ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bá aráàlú sọ̀rọ̀ nídìí irú iṣẹ́ ńlá báyìí ló ń bí mi nínú. Mo ti jókòó síbi irú mítìǹgì wọn rí, ti gọ́tà àdúgbò wa ni, kì í ṣe ti títì yìí. Ká tó kí àwọn tó wà lórí tábìlì iwájú tán, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, ẹnjiníà wá gbé máàpù sára ògiri, òyìnbó ló ń sọ ṣáá, ìgbà tí ráìsì ti dé ni wọ́n wá ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ìwé tá a kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ni wọ́n padà gbé jáde pé àwọn ará àdúgbò ti fọwọ́ sí i. Fọwọ́ sí kí ni?

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ Okun-Ajah, létí òkun Èkó níbí. Ní 2024 àwọn ará ibẹ̀ pariwo pé wọ́n ti yí títì kúrò lójú ìlà tó wà nínú gásẹ́ẹ̀tì 2006, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, wá sórí ilé àwọn. Mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, ní wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wọlé ló fà á. Ó dáa, wáyà yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, tó bá já, báńkì pàápàá máa dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti 2010 ni wáyà MainOne, ọ̀kan lára irú wáyà abẹ́ òkun bẹ́ẹ̀, ti gúnlẹ̀ sí Èkó, kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ká tó fa ìlà kankan sórí máàpù ló yẹ ká ti béèrè ẹni tó ní nǹkan lórí ilẹ̀ yẹn àti lábẹ́ ẹ̀. Tó bá di ìgbà tí katapílà ti dé, ẹni tó ní lọ́yà á yẹ̀ ẹ́, ẹni tí ò ní ló máa forí fá a.

Àwọn ayálégbé ló tiẹ̀ ṣe mí láàánú jù. Nígbà tí wọ́n wó lára Landmark Beach, ibi ìgbafẹ́ etí òkun ní Victoria Island, nítorí títì yìí lọ́dún 2024 yẹn náà, gbogbo wa gbọ́ ohùn ọ̀gá tó dá ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó níwèé ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá sọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú, rísíìtì lásán ló wà lọ́wọ́ ayálégbé.

Títì ọ̀hún ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ wá kan àwọn Ìlàjẹ l'Óǹdó. Ohun ìní apẹja lè má jẹ́ ilé rárá, ó lè jẹ́ èbúté tó ń fa ọkọ̀ sí àti ibi tí ìyàwó ẹ̀ ti ń yan ẹja. Ibo ni wọ́n fẹ́ kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n ní ilé iṣẹ́ mínísítà, ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ta ni ká wá? Kí wọ́n fi ẹnì kan síbẹ̀ tó gbọ́ èdè ibẹ̀, tó ní nọ́ńbà fóònù, tó ń kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, tó sì ń fèsì lórí ìwé, kó má jẹ́ baálẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ́ bá sọ̀rọ̀ (àwọn baálẹ̀ míì náà sha, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n). Kí wọ́n sì lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ sanwó fún mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà kí katapílà tó dé, kí ẹni tí wọ́n fo orúkọ ẹ̀ lè tètè pariwo.

Èmi ni òǹkàwé yín, Ajah, Èkó.