Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ olùdìbò kí ẹ tó fún un ní ìwé ìdìbò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní ibùdó ìdìbò àdúgbò wa nígbà tí a dìbò kẹ́yìn, ohun tí mo fojú ara mi rí níbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin kan tẹ̀ka tán, ó ká ìwé rẹ̀, ó jù ú sínú àpótí. Kò gbalé lọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan ló gbà, níbi tí ọkùnrin kan jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Ó na fóònù rẹ̀ sí i, ọkùnrin náà wo fọ́tò ìwé ìdìbò tó wà níbẹ̀, ó ní ó dáa, ó fàmì sínú ìwé. Ẹlòmíràn tó dúró tì í ló ka owó lé obìnrin náà lọ́wọ́. Mo mọ obìnrin yìí. Ọmọ mẹ́ta ló ń dá tọ́, n kò sì ní bú u láéláé.

Láti ìgbà tí “dìbò kí o sebẹ̀”, ìyẹn fífi owó ra ìbò, ti gbalẹ̀ ní Èkìtì lọ́dún 2018 ni wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n la aráàlú lọ́yẹ̀, kí pásítọ̀ àti ààfáà máa wàásù. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìwàásù kọ́ ló gba àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí irú rẹ̀ bá wọn jà.

Kó tó di 1888, ìjọba wọn kì í tẹ ìwé ìdìbò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ tirẹ̀, orúkọ àwọn olùdíje tirẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé náà sì ní àwọ̀ tí èèyàn lè dá mọ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó ra ìbò á kàn dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó rà títí ìwé yóò fi bọ́ sínú àpótí. Lọ́dún 1888, lẹ́tà kan tú síta ní ìpínlẹ̀ Indiana, orúkọ William Dudley, akápò ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pín àwọn olùdìbò tó ṣeé rà sí márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n fi ẹni tó ṣeé fọkàn tán ṣe olórí wọn, kí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì rí i pé ọ̀kankan kò já mọ́ ọn lọ́wọ́. Èèyàn ni wọ́n ń kà bẹ́ẹ̀, bí ẹni ka iṣu.

Àwọn tó fẹ́ tún ìlú ṣe kò dúró de ìgbà tí ọkàn olówó yóò rọ̀. Wọ́n yá ọgbọ́n kan lọ́dọ̀ àwọn ará Australia, tí wọ́n ti ń lò ó láti 1856: kí ìjọba tẹ ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀, kí orúkọ gbogbo olùdíje wà nínú ìwé kan ṣoṣo, kí olùdìbò sì dá wọ àgọ́. Ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ ọ́ dòfin ní 1888 kan náà, Indiana tẹ̀ lé e ní 1889. Ta ló fẹ́ sanwó ọjà tí kò lè rí? Ẹ̀tàn wọnú ẹ̀ náà o: ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n fi ìwé tuntun yìí dínà mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò mọ̀wé. Ọlọ́run bá wa ṣe é, àmì ẹgbẹ́ wà lára tiwa. Ìyá ìyá mi kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀pẹ ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀.

Àwa náà ní àgọ́, ìjọba ló sì ń tẹ ìwé wa. Fóònù ló bà á jẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ti dá olùrà padà sí lọ́ọ̀ọ́kán tó ń dúró sí kó tó di 1888. Ìlànà ìdìbò ka fóònù léèwọ̀ nínú àgọ́, ṣùgbọ́n níbi tí mo wà, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pariwo ẹ̀. Kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń pín ìwé: fóònù wọlé, ìwé jáde, tí ìwé bá ti bọ́ sínú àpótí, kí olùdìbò gba fóònù rẹ̀. Òfin ìdìbò ọdún 2022 fi ìtanràn 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12 lélẹ̀ nígbà náà fún ẹni tó bá ra ìbò. Kí ọlọ́pàá náà yẹ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àpótí nìkan. Bí obìnrin yẹn bá tilẹ̀ ti gba owó wọn lóru, tó bá dénú àgọ́, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ nìkan ni yóò mọ ibi tó tẹ̀ka sí.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.