Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ẹ̀rọ Awárin Tó Rà

Orógún, Ìbàdàn.
14 Oṣù Kẹ̀wàá, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, níbi tí o ti gbé ẹ̀rọ awárin náà, èyí tó máa ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀, dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyá rẹ ti fi han gbogbo ará ilé. Inú mi dùn, nítorí orí ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ ń fi ọ́ sí ṣáá, ohun tó bá sì lè mú ọ jáde síta, tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń fojú sílẹ̀ wo nǹkan, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ pé igbó àtijọ́ tó wà lẹ́yìn àdúgbò yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni o fẹ́ kọ́kọ́ gbé e lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n pè ọ́, kí o lè tún un kà.

O mọ̀ pé ọdún 29 ni mo fi bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́, tí mò ń gbẹ́ ilẹ̀, tí mò ń jọ iyẹ̀pẹ̀, tí mò ń fọ àpáàdì. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́ náà tí n kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí. A wà nínú kòtò tó ti jìn dé àyà mi, mo sì rí ohun kan tó yọ orí lára ògiri kòtò náà, ó ti dípẹtà, ó sì ní àwọ̀ ewé. Òrùka idẹ ni. N kò pe ẹnikẹ́ni. Ìka méjì ni mo fi fà á yọ, mo fi etí aṣọ mi nù ún, mo sì sáré gbé e tọ ọ̀gá wa lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Níbo gan-an ló wà? Ṣé inú ilẹ̀ pupa ni, àbí inú eérú tó wà lábẹ́ rẹ̀?" Nígbà tí mo padà débẹ̀, ògiri náà ti ya lulẹ̀ níbi tí mo ti fà á, ilẹ̀ pupa àti eérú ti dà pọ̀. Bí ó bá jẹ́ inú eérú ló wà, àwọn tó dáná níbẹ̀ ló ni ín. Bí ó bá jẹ́ inú ilẹ̀ pupa ni, ẹni tó dé lẹ́yìn wọn, bóyá lẹ́yìn igba ọdún, ló sọ ọ́ nù. A kò lè mọ̀ mọ́ láéláé. Wọ́n kó o sínú ọ̀rá, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé a kò mọ ojú ibi tó ti wá, inú àpótí ló sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ojú ibi tí nǹkan wà nínú ilẹ̀ ni ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀. Bí o bá fà á yọ láìkíyèsí ibẹ̀, o ti gé ahọ́n rẹ̀.

Igbó ló tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ilẹ̀ oko tí wọ́n ń fi katakata tú lọ́dọọdún, òkè rẹ̀ ti dàrú, ohun tí o bá sì rí níbẹ̀ ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà tó wà fún àwọn awárin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń rọ̀ wọ́n pé ilẹ̀ tí a ti tú tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n wá, kí wọ́n má sì gbẹ́ kọjá ibi tí ohun ìtúlẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n ń pè ní igbó àtijọ́ lọ́dọ̀ yín ni èyí tó ti wà láti ọdún 1600, ó kéré tán. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ irú igbó bẹ́ẹ̀ kò mọ katakata rí. Ojú iná àwọn tó ń jó èédú, kòtò tí àwọn lagilagi máa ń wọ̀ láti la igi, òkìtì ààlà tí wọ́n mọ yí igbó ká, gbogbo rẹ̀ lè wà ní ìpele-ìpele lábẹ́ ewé gbígbẹ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Kòtò tí kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ ti tó láti ṣe ibẹ̀ bí mo ṣe ṣe ògiri yẹn.

Ẹ̀rọ náà kò sì lè gbà ọ́, torí ohun tó mọ̀ kò pọ̀. Wáyà tó ká sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iná ń gbà kọjá, tí agbára rẹ̀ fi ń wọ inú ilẹ̀. Bí irin tàbí idẹ bá wà níbẹ̀, á dá a lóhùn, ẹ̀rọ á ké. Àpáàdì kì í dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni egungun, eérú àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìwọ náà mọ Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ nítorí ìlẹ̀kẹ̀, Frobenius ará Jámánì náà gbẹ́ ẹ ní ọdún 1910. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola gbẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ọdún 2011 sí 2012, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ló rí, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí àti ìdọ̀tí dígí tó dà sílẹ̀. Àwọn àpáàdì àti ìdọ̀tí wọ̀nyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé gbà pé àwọn baba wa ń ṣe dígí fúnra wọn. Ká ní ìwọ ló gbé ẹ̀rọ rẹ kọjá lórí wọn, kẹ́kẹ́ ni ì bá pa.

Mo gbọ́ pé ẹ lè yí i kí ó má ké fún irin lásán, kí ó máa ké fún wúrà, fàdákà àti idẹ nìkan. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́ dúdú wúruwùru, ìyẹn pàǹtí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn yíyọ́ irin, ni a fi ń dá ibi tí wọ́n ti yọ́ irin mọ̀ nílẹ̀ wa, kò sì yàtọ̀ lọ́hùn-ún.

Ọmọ ẹni kì í wọ igbó orò láìbéèrè. Lọ́dọ̀ yín náà, kò sí igbó tí kò ní olúwa, pé wọ́n gbà kí ènìyàn máa rìn gba inú rẹ̀ kọjá kò sì jẹ́ àṣẹ láti gbẹ́lẹ̀. Gba àṣẹ náà ní kíkọ. Bí ìjọba bá ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ bí ohun ìrántí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1979 kò jẹ́ kí o gbé ẹ̀rọ débẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, kódà bí onílẹ̀ bá gbà fún ọ. Bí o bá rí wúrà tàbí fàdákà tó ti lé ní 300 ọdún, òfin ọdún 1996 fún ọ ní ọjọ́ 14 péré láti sọ fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní coroner, wọ́n sì ti fẹ òfin náà lójú sí i ní ọdún 2023. Èyí tí kò bá sí lábẹ́ òfin yẹn, fi han òṣìṣẹ́ tó ń kọ àwọn ohun tí a rí sílẹ̀ ní agbègbè rẹ, kò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn méjì kan rí owó àtijọ́ rẹpẹtẹ ní Herefordshire ní ọdún 2015, wọ́n fi pamọ́, wọ́n ń tà á díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2019 wọ́n wọ ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kò tíì padà wá, a kò sì lè ka ìtàn tó wà lára wọn.

Má gé gbòǹgbò igi. Bí o bá rí ohun tó jọ ọta tàbí bọ́ǹbù, nítorí àwọn sójà lo ọ̀pọ̀ igbó yín nígbà ogun, má fọwọ́ kàn án, pe ọlọ́pàá.

O béèrè bóyá kí o gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ wálé ní Kérésì, kí a lè gbé e lọ sí oko bàbá mi ní ọ̀nà Àkànrán. Fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Òfin tiwa náà, ọdún 1979 kan náà, sọ pé a kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Wá lọ́wọ́ òfo, kí n mú ọ dé oko, kí n fi ibi tí ìdàrọ́ wà hàn ọ́, kí o fẹsẹ̀ rìn ín, kí o kàn wò ó.

Lẹ́tà tí o máa kọ sí onígbó, fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á ṣáájú ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti di irin pẹlẹbẹ tí mo fi ń ha ilẹ̀ sínú ẹrù rẹ̀ fún ọ. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fi ha ilẹ̀ jẹ́jẹ́, wàá rí ibi tí àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ ti yí padà.

Ìyá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.