Ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò tó odindi Máàsì

Olóòtú,

Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán inú pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú gidigidi. Ẹ ní wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ dé àárín rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe. Ọ̀pá tí InSight, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ gúnlẹ̀ síbẹ̀, gbé lọ láti lu ara rẹ̀ wọlẹ̀ tó mítà 5 kò wọlẹ̀ ju gígùn ara rẹ̀ lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kò wó lù ú kó dì í mú, nítorí náà bó ṣe ń lu ara rẹ̀ ló ń ta padà sókè.

Ìmìtìtì ilẹ̀ tí ẹ̀rọ mìíràn tí InSight gbé lọ gbọ́ ló sọ fún wa bí inú Máàsì ṣe rí. Bí a bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, a ó kàn án, a ó fetí sí ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mì, oríṣi ìgbì méjì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá: ìgbì P ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ìgbì S á tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra la fi ń mọ bí ibi tí ilẹ̀ ti mì ṣe jìnnà tó. Ìgbì S kì í sì í gba inú ohun tó ti yọ́ kọjá: tó bá kan kókó àárín, ó di kó ta padà. Ìtapadà yẹn ni wọ́n fi ṣírò lọ́dún 2021 pé irin yíyọ́ ni kókó Máàsì, pé láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,830. Lọ́dún 2023 wọ́n tún un ṣírò: àpáta yíyọ́ ló wà lórí kókó náà, òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,650 lọ.

Kí ló fa ìyàtọ̀ tó tóbi báyẹn? Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé sí odindi pílánẹ́ẹ̀tì! Ẹ̀rọ mẹ́ta la fi ń mọ ojú ibi tí ilẹ̀ ti mì gan-an: a ó fa òbìrí yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé ni. Àwọn tó jókòó ti àpò owó mọ èyí. Mẹ́rin ni wọ́n tò sórí Òṣùpá nígbà tí Amẹ́ríkà rán ènìyàn lọ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ Apollo 12, 14, 15 àti 16, wọ́n sì pa gbogbo wọn ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977 nítorí owó. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ yẹn ti gbọ́ sílẹ̀ ni wọ́n tún yẹ̀ wò lọ́dún 2011 tí wọ́n fi rí kókó Òṣùpá. Kí ni à bá ti mọ̀ ká ní wọn kò pa wọ́n?

Ti InSight tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eruku ló pa á. Nígbà tó gúnlẹ̀ lọ́dún 2018, sólà rẹ̀ ń mú iná bíi watt-hour 5,000 wá lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nǹkan bíi 500 ló kù. Oṣù yẹn gan-an ni ìmìtìtì tó le jù lọ nínú èyí tó gbọ́, tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 4.7, wáyé. Wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ irin rẹ̀ bu iyanrìn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sólà kí afẹ́fẹ́ lè fi gbá eruku kúrò. Iná tí ìyẹn fi kún un kò tó nǹkan. Oṣù Kejìlá ọdún náà ló dákẹ́.

Ojútùú tèmi ni plutonium, irin kan tó ń gbóná fúnra rẹ̀. Ooru rẹ̀ ni wọ́n ń sọ di iná. Eruku kò kàn án, òru kò kàn án. Òun ló fún àwọn ẹ̀rọ Apollo ní iná fún ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, òun náà ni wọ́n fi sínú àwọn ọkọ̀ Viking méjì tó gúnlẹ̀ sí Máàsì lọ́dún 1976. Kí wọ́n fi sí gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá fẹ́ kó gbọ́ ìmìtìtì, kí wọ́n sì gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jìnnà síra wọn. Tí owó kò bá tó, kí wọ́n dín kámẹ́rà kù.

Kí ẹ̀rọ náà sì máa jókòó sórí ilẹ̀: ti Viking 2 wà lórí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó gbọ́.

Dragonfly, ọkọ̀ tó ń fò tí wọ́n fẹ́ rán lọ́dún 2028 sí Titan, òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Saturn, yóò lo plutonium, inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn