Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré, lórí ọ̀rọ̀ adìẹ tó ń sàba

Bàbá Kékeré mi,

Nóòtù iṣẹ́ ni mo ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí láti ilé pé ẹ ti papòdà. Ẹ̀kọ́ tó kàn fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta mi ni bí àwọn ẹranko ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i? Ká ní ẹ ṣì wà, ẹ̀yin ni ǹ bá pè.

Mo ti kó nǹkan jọ fún wọn. Mo fẹ́ sọ ti oyin tó bá rí òdòdó, tó wá padà sílé lọ jó fún àwọn tó kù lórí afárá, nínú òkùnkùn. Bó bá ń jó gòkè ṣánṣán, ọ̀kánkán oòrùn ni kí wọ́n fò sí. Bó bá yà sọ́tùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún oòrùn ni. Bó bá ṣe gbọn ìdí pẹ́ tó ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Karl von Frisch, ará Austria, ló tú àṣírí ijó yìí, òun àti àwọn méjì mìíràn sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Mo mọ àwọn ọmọ mi: tí mo bá ti dé ibi ìdí gbígbọ̀n, kíláàsì á dàrú. Erin ńkọ́, tó ń fi ohùn tó rẹlẹ̀ kọjá ohun tí etí wa lè gbọ́ pe ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn ọ̀bọ onímú funfun inú igbó Gashaka-Gumti, ní ìhà Taraba àti Adamawa, ló wù mí jù. Igbe méjì ni akọ wọn ní: ọ̀kan dún bíi "píáò", ó sábà máa ń ké e bó bá rí ẹkùn, èkejì dún bíi "hákì", ti ẹyẹ idì nìyẹn. Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler, àwọn tó ṣèwádìí nípa wọn, kọ ọ́ síta ní 2006 pé bó bá ké píáò mélòó kan, tó sì fi hákì tẹ̀ lé e, kò pe ẹkùn, kò pe idì mọ́. Gbogbo agbo á dìde, wọ́n á máa lọ.

Ẹ̀yin ì bá kàn mi orí ni, kò ní yà yín lẹ́nu. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí àwòdì bá ń rà bàbà lókè, igbe gbọọrọ kan ni adìẹ ń ké, àmọ́ bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ewu ti ń bọ̀, ológbò tàbí ajá àjèjì, á máa ké ká-ká-ká láìsinmi. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gbé etí lé ẹyin abẹ́ àgbébọ̀ dúdú yẹn, lẹ́yìn ìkòkò omi. Ẹyin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbọ́ ọ: ṣíó, ṣíó. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀fun dá a lóhùn, kọ́, kọ́. Ẹ ní, "Wọ́n ti ń kí ara wọn. Ọ̀la ni wọ́n ń yọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àlejò yín dé láti Ìlọrin, ẹ sì pa àgbébọ̀ náà.

Adìẹ pọ̀ nílé. Àkùkọ méjì ń jà lójúde. Ta ní ń pa adìẹ tó ń sàba? Mo kó àwọn ẹyin náà sínú àkísà, mo gbé wọn sẹ́bàá ààrò, mo ń ṣe kọ́, kọ́ fún wọn títí oorun fi gbé mi lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò sí èyí tó dáhùn. Mo bi yín léèrè níbi tí ẹ ti ń pọ́n àdá. Ẹ ní, "Adìẹ ni, Àbẹ̀kẹ́." Mo tún bi yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Wálé, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé mi ò tíì gbàgbé ni.

Mi ò gbàgbé. Mi ò sì gbàgbé pé kòkó yín lẹ tà kí n tó lè wọ iléèwé olùkọ́. Bí n bá ní kí n máa ka oore yín, ilẹ̀ á ṣú. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ò gbọ́ èdè wọn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán lọ́kàn mi. Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá Kékeré. Ẹ gbọ́ ọ jù mí lọ.

Wọ́n ti mú léèsì fún ìsìnkú yín, owó rẹ̀ sì ga. Owó oṣù wa kò tíì jáde. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Wálé ní Leeds lórí WhatsApp, mo ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀ dópin; àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn. Ṣé owó ń bọ̀ ni, àbí ó kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé òun gbọ́? Àwọn àbúrò yín obìnrin ti ń sọ ọ́ káàkiri pé mo fẹ́ dójú ti òkú tó tọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, ẹ̀yin lẹ máa ń ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," gbogbo agbo á sì pa ẹnu mọ́. Ìpàdé ẹbí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ta ni kí n bẹ̀ kó bá mi sọ ọ́?

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ yín.