Akọ́nimọ̀ọ́gbá Nìkan Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti dá sí àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Ìlọrin lórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ yunifásítì kan, ẹni tí wọ́n ní kò mọ ètò ìkọlù nítorí pé atamátàsé kan ṣoṣo ló máa ń fi síwájú. Ẹ̀sùn yẹn kù díẹ̀ káàtó. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, nígbà tí Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá ní Kwara wa níhìn-ín, jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Finidi George ló gbé bọ́ọ̀lù náà fún un láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kìkì kó tì í sínú àwọ̀n Bulgaria ló kù. Ta wá ni ń gbé bọ́ọ̀lù fún atamátàsé tiwa, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà kì í jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kọjá àárín pápá? Ibẹ̀ ni mo ti fara mọ́ àwọn tó ń bá akọ́nimọ̀ọ́gbá náà wí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní kí wọ́n lé e lọ (ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn kì í dé pápá) gbàgbé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ìdánwò máa ń dí lọ́wọ́ ìgbáradì. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà tú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ pápá sílẹ̀ láti máa sáré dé òpin pápá, kí sáà yìí tó parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Tanke, Ìlọrin.