Sí Àyìnlá: Jẹ́ Kí Bọ́ọ̀lù Máa Sáré

Àyìnlá ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà ń bèèrè rẹ. Mo ti ka ohun tí o kọ. O ní akọ́nimọ̀ọ́gbá yín sọ pé o kì í sáré tó, pé àwọn lè gbé ọ kúrò láàárín pápá. O wá ń bi mí bóyá kí o kúkú fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Rárá o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti agbábọ́ọ̀lù kan fún ọ.

Waldir Pereira ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Didi ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìlú Campos, ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì, ni wọ́n ti bí i ní 1928. Nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, orúnkún rẹ̀ fara pa, egbò náà sì kẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tì lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn yẹn ló padà jẹ góòlù àkọ́kọ́ nínú pápá Maracanã ní June 1950.

Kì í ṣe eléré sísá. Ó máa ń nàró ṣánṣán, ojú rẹ̀ á máa wá ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ohun tó sì gbà gbọ́ ni pé bọ́ọ̀lù ló yẹ kó máa sáré, kì í ṣe ẹni tó ń gbá a. Kí Bùràsíìlì tó lọ gbá ife àgbáyé ní Swídìn ní 1958, ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, àwọn kan sì ń sọ pé kì í làágùn tó níbi ìgbáradì. Wọ́n ní èsì tó fọ̀ ni pé ìgbáradì ni ìgbáradì, eré ni eré. Ìwọ má mú ìyẹn lọ́dọ̀ rẹ̀ o! Didi lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Ìwọ ṣì gbọ́dọ̀ máa tètè dé pápá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú ni ti àṣekágbá ife àgbáyé 1958 yẹn. Wo fídíò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni Swídìn fi jẹ góòlù sáwọ̀n Bùràsíìlì. Rántí pé ní 1950, Uruguay ti nà wọ́n nílé wọn ní Maracanã, ní 1954 Họ́ngárì nà wọ́n 4-2 nínú eré tó di ìjà, Didi sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù àtijọ́ lè gbé gbogbo wọn mì lọ́jọ́ yẹn. Didi gbé bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́, ó ń rìn jẹ́jẹ́ padà sí àárín pápá, ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ọkàn wọn balẹ̀. Kò sáré rárá. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí eré bẹ̀rẹ̀, Vavá ti dá góòlù náà padà. Bùràsíìlì borí 5-2. Pelé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, jẹ méjì, ṣùgbọ́n Didi ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà.

Ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn, Àyìnlá, iṣẹ́ ni. Ẹni tó wà láàárín pápá ló ń fún àwọn yòókù ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í sáré gbọ́dọ̀ tètè ríran. Kí bọ́ọ̀lù tó kàn ọ́ lẹ́sẹ̀, kí o ti bojú wẹ̀yìn, kí o ti mọ ẹni tí o máa pásì fún. Tí o bá gba bọ́ọ̀lù tán kí o tó máa wá èèyàn, òótọ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ.

O tún sọ̀rọ̀ fíríkíìkì. Ewé gbígbẹ ni wọ́n ń pe ti Didi ní Bùràsíìlì, torí bọ́ọ̀lù náà á lọ sókè, á sì já wálẹ̀ lójijì. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọrùn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló jẹ́ kó wá ọ̀nà mìíràn láti gbá a. Òun ló fi gbá Pẹrú ní April 1957, 1-0, tí Bùràsíìlì fi rí ọ̀nà lọ sí Swídìn.

Ní ti pé o tún ń rò ó bóyá kí o fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ sí òmíràn: Didi lọ sí Real Madrid ní 1959, kò sì rọgbọ fún un níbẹ̀, pàápàá pẹ̀lú Di Stéfano, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ó padà sí Botafogo, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Bùràsíìlì. Ní 1962, ó tún wà nínú àwọn tó gba ife àgbáyé ní Ṣílè.

Nítorí náà, lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá yín kí ìgbáradì tó bẹ̀rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀, kí o sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní eré mẹ́ta sí i láàárín pápá, kí ẹ sì máa sọ ibi tí mo ti pẹ́ jù fún mi." Tí wọ́n bá sọ pé kí o jókòó, jókòó, kí o máa wo ẹni tó gba ipò rẹ. Mo ti fi owó bàtà ránṣẹ́. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú, kí o sọ ohun tí wọ́n fèsì.

Èmi ni bàbá rẹ.